Ìwé Ohùn

Ìwé mẹ́rin ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi,
ẹ̀yìn wọn ti já, eku ti jẹ etí ọ̀kan.
Gbèsè kọ́ ni mo kọ síbẹ̀,
orúkọ ọkùnrin kọ́.
Ohùn jẹnẹrétọ̀ ni.
Gbogbo jẹnẹrétọ̀ Òkè-Súnà,
láti ilé Àlùfáà Búsàírì dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta,
mo mọ̀ wọ́n lóhùn bí abiyamọ ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Ti Ìyá Rìkáyátù: tẹ́tẹ́tẹ́tẹ́, kánkán, oníyọnu,
bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.
Ti Àlùfáà: gbùùù, á dákẹ́ díẹ̀, gbùùù,
arúgbó tó ń gun Òkè Sóbí.
Ti onílé wa kì í pariwo, abẹ́nú ló ti ń kùn,
bí ẹni tó dá ẹran jẹ.
Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin:
ti Sàláwù ké lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ṣé epo ni, àbí pulọ́ọ̀gì?
Ọjọ́ kejì, bírò pupa:
Pulọ́ọ̀gì ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mútíátù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fi ojú wá ọkọ,
ìwọ ń fi etí wá ẹ̀rọ.”
Wọ́n ní ìlú wa kò léégún, ẹṣin leégún wa.
Ẹṣin dà? Ó di ọdún dé ọdún.
Eyí tó ń jáde lálaalẹ́ lọ́dọ̀ tiwa,
okùn la fi ń fà á kó tó fọhùn,
èéfín ni aṣọ rẹ̀,
bí o bá sì gbé e wọ yàrá sùn, o ò ní jí.

Àwọn ọmọ yunifásítì ṣètò alẹ́ ẹ̀fẹ̀ ní Tánkẹ̀.
Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.
Ẹni tó ṣáájú mi fi ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀;
kò tíì níyàwó.
Èmi ò lẹ́fẹ̀ kankan. Mo ṣí ìwé kejì, ojú ewé kọkànlá,
mo kà á bí ẹni tó ń kéde òkú lórí rédíò.
Wọ́n dákẹ́. Irú ìdákẹ́ tó ń mú àtẹ́lẹwọ́ làágùn.
Ọkùnrin kan wúkọ́ lẹ́yìn.
Mo ní, “Ti Sàláwù nìyẹn. Ẹ bá a wo pulọ́ọ̀gì rẹ̀.”
Ẹ̀rín bú.

Látìgbà náà ẹnu mi kì í ṣe tèmi mọ́:
tẹ́tẹ́tẹ́tẹ́, Ìyá Rìkáyátù ń bú onílé,
onílé ń kùn, hùùn, hùùn,
Àlùfáà fẹ́ là wọ́n, kò lè mí.
Ibẹ̀ ni mo dé tí iná fi lọ.
Òkùnkùn biribiri. Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́yìnkùlé,
gbogbo èèyàn dákẹ́, wọ́n ń dúró dè mí.
Mo tẹ́tí. “Fáàfù rẹ̀ ti ń jò. Kò ní kọjá Jímọ̀.”
Ohùn kan ké lójú fèrèsé: “Mo wí fún wọn! Ṣebí mo wí fún wọn!”
Ẹni tó ń tún un ṣe ni.

Ojú ewé kan wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí n kò kà fún wọn.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ìkọ̀wé mi wọ́.
Bàbá wa máa ń ti Àjàṣẹ́ dé lóru.
A kì í gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, okùn là ń gbọ́:
wọ́n fà á, ó kọ̀; wọ́n fà á, ó kọ̀; wọ́n fà á.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Wọ́n ti dé.

Sàláwù wá bá mi ní Sátidé, ó ti gbọ́.
Jẹnẹrétọ̀ òun ni mo fi ń lókìkí, òun ń fẹ́ ìpín.
Ó tún ní òun ti ra pulọ́ọ̀gì tuntun.
Àyà mi já.
Bó bá yí i, ohùn á yí,
ojú ewé kọkànlá á di irọ́.
Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó máa wúkọ́.
Ó wò mí títí. “Ta ni yóò wá máa ra epo tó ń fi ṣòfò?”
Mo tọwọ́ bọ àpò.